Íntánẹ́ẹ̀tì Tí Ń Wọ́ Nílẹ̀: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ọ̀dọ́ Mówè, Ìbàfò àti Ìfọ̀

 

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí kì í ṣe ti ààwẹ̀, kì í sì í ṣe ti ìrun. Ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ni, èyí tí ń wọ́ nílẹ̀ bí ìgbín ní ọ̀pọ̀ abúlé agbègbè yìí. Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ni ìyẹn ti jẹ́ nínú ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí. Ẹni tí ó bá béèrè bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé kò ní ọmọ tí ń wá ààyè sí yunifásítì, tàbí kí ó jẹ́ pé àárín Ìkẹjà ni ó ń gbé.

Láti ọdún 2017 ni àjọ JAMB ti ń lo ètò kan tí wọ́n ń pè ní CAPS láti fi ṣètò ìgbaniwọlé sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá fẹ́ gba ọmọ, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọmọ náà yóò ti rí i, orí íntánẹ́ẹ̀tì kan náà ni yóò sì ti dáhùn pé òun gbà tàbí pé òun kò gbà. Kò sí lẹ́tà tí ará ilé ìfìwéránṣẹ́ yóò gbé wá sí ilé baba rẹ̀. Ẹ wá fi ojú inú wo ọ̀dọ́bìnrin kan ní abúlé kan lẹ́yìn Ìfọ̀, ẹni tí ó ti fi ọdún méjì kàwé lábẹ́ àtùpà. Wọ́n ti fún un ní ààyè. Ó tẹ fóònù rẹ̀, òrùka kékeré kan ń yí lójú fóònù, ó ń yí, ó ń yí, títí ojú ewé náà fi sọ pé àkókò ti kọjá. Ó tún un tẹ̀ ní ọ̀sán, ó tún un tẹ̀ ní alẹ́. Ní ọjọ́ kẹta ó rẹ̀ ẹ́, ó ní ó di ọjọ́ ọjà kí òun tó lọ sí Ìfọ̀. Bí gbèdéke tí wọ́n fún un bá kọjá kí ọjọ́ ọjà tó pé, ọdún kan odidi ti lọ nìyẹn. Ọmọ náà kò kùnà nínú ìdánwò, kò sì ya ọ̀lẹ. Ojú ewé kan ṣoṣo ni kò ṣí.

Àwọn àgbà kan a máa sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kí ó ṣe sùúrù, pé kádàrá ni. Kò sí Mùsùlùmí tí yóò kọ kádàrá, sùúrù sì dára. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ń dúró de òjò kì í ká ọwọ́ gbera. Ebè ni ó ń kọ de òjò. Ẹni tí kò bá sì mọ ibi tí òrùlé rẹ̀ ti ń jò, gbogbo yàrá ni yóò máa gbé garawa kiri. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ń fa ìdílọ́wọ́ yìí kí ẹ tó mọ ohun tí ẹ ó ṣe sí i.

Agbègbè yìí kì í ṣe ibi tí ó jìnnà sí ọ̀nà. Ojú irin tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896, tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1901, Ìfọ̀ ni ó gbà kọjá. Láti Ìfọ̀ kan náà ni ẹ̀ka kan ti yà lọ sí Ìlaròó àti Idogo. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978 gba ẹ̀gbẹ́ ilé àwọn ará Ìbàfò àti Mówè. Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí ìjọba rẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ ní ìwé àṣẹ GSM ní 2001, ọmọ abúlé Ìbògùn ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀ ni. Okùn fáíbà tí ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì láti Èkó lọ sí Ìbàdàn pàápàá ń gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí ọkọ̀ ojú irin tí ń sáré ṣe máa ń ṣe nígbà tí ó bá ń kọjá ní abúlé tí kò ní ibùdókọ̀. Àwọn ọmọdé yóò juwọ́ sí i, yóò fun fèrè fún wọn, kò ní dúró. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni okùn yìí ń kọjá lára ọ̀pọ̀ abúlé. Kí abúlé tó rí nǹkan bù nínú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní máàsì tí ó súnmọ́ ọn, máàsì náà sì gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí ó gbòòrò dé ìdí okùn.

Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Fóònù ọwọ́ yín ń bá máàsì sọ̀rọ̀ nípa ìgbì inú afẹ́fẹ́. Láti ìdí máàsì, okùn fáíbà ni yóò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ, tàbí kí ó jẹ́ àwo rìbìtì tí wọ́n so mọ́ ara máàsì, tí ó dojú kọ máàsì mìíràn ní ọ̀nà jíjìn. Yóò dé Èkó, láti Èkó ni àwọn okùn abẹ́ òkun bíi SAT-3, MainOne, Glo-1 àti WACS yóò ti gbé e lọ sí òkè òkun. Ibikíbi lójú ọ̀nà yìí ni nǹkan ti lè há, ojú fóònù yóò sì máa fi òrùka kan náà hàn yín. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ro pé ohun kan ṣoṣo ni àìsàn náà.

Ọ̀nà jíjìn ni àkọ́kọ́. GSM àtijọ́, èyí tí a fi ń pe ènìyàn tí a sì fi ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́, lè bá máàsì tí ó wà ní ìwọ̀n kìlómítà 35 sọ̀rọ̀ bí ilẹ̀ bá tẹ́jú tí ohunkóhun kò sì dí i lójú. Àwọn ìgbì tuntun tí ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì tí ó yára kì í sábà lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Nítorí èyí ni ẹni tí ó wà ní oko fi lè pe ìyá rẹ̀ kí ohùn sì já gaara, ṣùgbọ́n kí ó má lè ṣí ojú ewé kan. Páànù orí ilé náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ ìgbì. Bí ènìyàn bá jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá tí ògiri rẹ̀ nípọn tí páànù sì bò ó mọ́lẹ̀, ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sí ìta nìyẹn. Àfonífojì ń dí i lọ́nà, ewé igi tí omi òjò rin gbingbin náà ń dí i lọ́nà.

Èkejì ni èrò. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará Mówè àti Ìbàfò jù lọ, nítorí pé láti ọjọ́ tí owó ilé ti gbówó lórí ní Èkó ni àwọn ènìyàn ti ń ṣí wá kọ́lé síbẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò mú fóònù dání wá. Ohun tí máàsì kan lè gbé ní ìwọ̀n, gbogbo àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì jọ ń pín in. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn igi kéékèèké orí fóònù tàn yín jẹ. Àwọn igi yẹn ń sọ bí ohùn máàsì ṣe lágbára tó létí fóònù yín ni. Wọn kò sọ iye ènìyàn tí wọ́n ti tò sílẹ̀ ṣíwájú yín. Ọ̀pá ẹ̀rọ omi lè wà ní iwájú ilé ẹni, kí igba garawa sì ti tò sí ìdí rẹ̀. Ní alẹ́, nígbà tí àwọn tí ó ti Èkó bọ̀ bá jẹun tán tí kálukú sì gbé fóònù lé àyà lórí ibùsùn, ìgbà náà ni garawa pọ̀ jù. Bí àpéjọ ńlá bá sì wà ní etí ọ̀nà náà, ìbáà jẹ́ ti àwọn ará wa Kristẹni ní Redemption Camp tàbí ti àwa Mùsùlùmí ní Àsésé, kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ni yóò há.

Ẹ̀kẹta fara sin, nítorí pé ẹ̀yìn máàsì ni ó wà. Katakata tí ń tún ọ̀nà ṣe lè gé okùn fáíbà. Àwọn olè lè jí bátìrì tàbí dísù tí máàsì fi ń ṣiṣẹ́ nígbà tí kò sí iná ìjọba. Àwo rìbìtì tí ń gbé ọ̀rọ̀ láti máàsì sí máàsì lè kéré ju iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lórí. Nígbà mìíràn, ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ lè jìnnà ju ibi tí ọkàn ènìyàn lè ròó dé lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní ìsàlẹ̀ òkun nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Láti ibẹ̀ ni íntánẹ́ẹ̀tì ti dákú káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí àwọn ilé ìfowópamọ́ ní Nàìjíríà sì ń bẹ àwọn oníbàárà wọn. Ẹni tí ó ń gbọn fóònù rẹ̀ ní Ìfọ̀ ní ọjọ́ náà kò mọ̀ pé ìsàlẹ̀ òkun ni ohun tí òun ń bá jà wà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èwo ni ó ń ṣe yín, ẹ kò nílò onímọ̀ ẹ̀rọ kankan. Ẹ jí ní agogo mẹ́rin òru, ẹ ṣí ojú ewé kan, ẹ kọ ìṣẹ́jú tí ó gbà sílẹ̀. Ẹ tún un ṣe ní agogo mẹ́jọ alẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe é nínú yàrá, ẹ ṣe é ní gbangba ìta, ẹ ṣe é lórí òkè bí òkè bá wà nítòsí. Bí ó bá yá ní òru tí ó sì wọ́ ní alẹ́, èrò ni. Bí ó bá yá níta tí ó sì kú nínú yàrá, ìdènà tàbí ọ̀nà jíjìn ni. Bí òru kò bá yàtọ̀ sí alẹ́, tí àwọn igi fóònù sì kún, tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ilé iṣẹ́ mìíràn sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní ojú kan náà, ẹ̀yìn máàsì ni àìsàn wà, ẹ má sì fi owó dátà mìíràn ṣòfò títí wọn yóò fi tún un ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ìdánwò yìí ń gbà. Ó yani lẹ́nu pé ẹni tí ó ti ń ráhùn fún ọdún mẹ́ta kì í ní ọjọ́ mẹ́ta láti fi wádìí.

Ìṣirò kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ọ̀dọ́ mọ̀. Bíìtì ni wọ́n fi ń ka ìyára, báìtì sì ni wọ́n fi ń ta dátà, bíìtì mẹ́jọ ni ó sì wà nínú báìtì kan. Bí ìyára abúlé yín bá jẹ́ kílóbíìtì 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí ó lọ́ra púpọ̀, fídíò tí ó tó mẹ́gábáìtì 500 yóò gba wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ kí ó tó wọlé tán, bí kò bá já lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gba ohùn wáàsí wákàtí kan sílẹ̀ ní kílóbíìtì 32, gbogbo rẹ̀ kò ju mẹ́gábáìtì 14 àti díẹ̀ lọ, yóò sì wọlé ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìwé PDF tí ó tó mẹ́gábáìtì méjì kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ lọ. Ẹ ò rí i pé íntánẹ́ẹ̀tì kan náà tí kò lè fi ojú olùkọ́ hàn yín lè gbé ohùn rẹ̀ àti ìwé rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín kí oúnjẹ tó jinná lórí iná. Àwọn àgbà sọ pé bí a bá ń gún iyán nínú odó, tí a sì ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Ẹni tí kò bá fẹ́ jẹun àfi nínú àwo tánganran ni ebi yóò pa.

Nítorí náà, ẹ máa pọn íntánẹ́ẹ̀tì bí àwọn ìyá yín ṣe ń pọn omi. Kò sí obìnrin abúlé tí í gbé ẹnu lọ sí odò ní gbogbo ìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́. Àfẹ̀mọ́jú ni yóò lọ, yóò pọn ọ́n sí àmù, yóò sì máa bù ú mu. Ohun tí ẹ ó kà ní ọ̀sán, ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù ní òru tàbí ní ìdájí, nígbà tí èrò kò sí. Àwọn ilé iṣẹ́ kan pàápàá ń ta dátà òru ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ̀yin tí ẹ ń jí fún ìrun Subhi, ẹ ti wà lójúfò ní àkókò tí ọ̀nà ṣófo jù lọ. Ẹ lọ sínú ètò fóònù yín, ẹ pa àṣẹ tí ó ń jẹ́ kí WhatsApp máa gba àwòrán àti fídíò wọlé fúnra rẹ̀, ẹ sì dá àwọn áàpù dúró kí wọ́n má ṣe máa tún ara wọn ṣe láìgba àṣẹ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé fóònù ti fi ìdajì ìyára náà gba fídíò ìkíni-kú-ọjọ́-Jímọ̀ kí olówó rẹ̀ tó tẹ ohunkóhun.

Opera Mini náà wà, èyí tí ń mú ojú ewé lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ni ín kí wọ́n kọ́kọ́ fún un kéré kí ó tó wá bá yín. Ó dára fún ìròyìn àti ìwé kíkà. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni ojú ewé náà ń gbà kọjá, ẹ má ṣe fi ṣe ọ̀rọ̀ owó ilé ìfowópamọ́. Fún owó, àwọn nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìràwọ̀ tí ó sì parí pẹ̀lú àmì háàṣì kò nílò dátà rárá, nítorí ọ̀nà GSM àtijọ́ ni wọ́n ń gbà. Ohun tí a rò pé ó ti di ti ayé àná ni ó ń gba àwọn ará abúlé là.

Bí ẹ bá ní fọ́ọ̀mù láti kún, ẹ kọ gbogbo ìdáhùn sílẹ̀ sínú fóònù ṣáájú, ẹ wá máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ó yẹ nígbà tí ojú ewé bá ṣí, nítorí fọ́ọ̀mù a máa dágbére bí ènìyàn bá pẹ́ lórí rẹ̀. Àwòrán pásípọ́ọ̀tù tí ó tó mẹ́gábáìtì mẹ́rin, ẹ dín in kù sí ìwọ̀n tí wọ́n béèrè kí ẹ tó débẹ̀. Bí wọ́n bá ti fún yín ní nọ́ńbà ìjẹ́rìí, ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ sì tún kọ ọ́ sínú ìwé. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ yóò parí. Ní ọjọ́ náà, gbogbo Nàìjíríà ni yóò dìjọ rọ́ sí ojú ewé kan, ẹni tí ó wà ní Ìkẹjà pàápàá yóò máa wo òrùka tí ń yí.

Fún àwọn tí ọ̀nà jíjìn ń bá jà, ọgbọ́n kan wà tí kò ná wọn ju owó fóònù àlòkù kan lọ. Ẹ so fóònù náà mọ́ ojú fèrèsé tí ó kọjú sí ìhà máàsì, ní ibi tí ó ga jù tí òjò kò sì lè pa á, kí ó máa fọ́n nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sí àwọn fóònù inú ilé, èyí tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń pè ní hotspot. Bí ìgbì 4G bá ń wá tí ó ń lọ, ẹ lọ sínú ètò kí ẹ fi fóònù sí orí 3G nìkan. Èyí tí ó lọ́ra tí ó dúró ṣinṣin sàn ju èyí tí ó yára tí ó ń sá lọ. Ẹ má ṣe gun máàsì o, ẹ má sì dúró lórí òkè nígbà tí àrá bá ń sán, nítorí kò sí ojú ewé tí ó tó ẹ̀mí.

Ó ṣì ku ohun kan tí ó tóbi ju ọgbọ́n ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ. Ní erékùṣù Cuba, nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣọ̀wọ́n tí ó sì gbówó lórí, àwọn ará ibẹ̀ dá ọ̀nà kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní El Paquete Semanal. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni àwọn kan ń kó fíìmù, ìwé ìròyìn, áàpù àti ẹ̀kọ́ jọ sórí díìsìkì tí ó tó tẹ́rábáìtì kan, ó sì ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ káàkiri erékùṣù náà. Níbí, ogún ọ̀dọ́ ní abúlé kan ni yóò máa fa fídíò ẹ̀kọ́ ìṣirò kan náà lẹ́ẹ̀kan náà láti orí máàsì kan náà, tí kálukú yóò sì san owó tirẹ̀. Kí ni ó ṣe tí ẹnì kan kò fi lè gbà á ní òru, kí ó fi Bluetooth tàbí mẹ́mórì káàdì pín in fún àwọn mọ́kàndínlógún yòókù? Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Kiwix, ọ̀fẹ́ ni, tí ń jẹ́ kí ènìyàn gbé odidi Wikipedia sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà kí ó sì máa kà á láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ni àwọn kan ní yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kó àìmọye ojú ewé sínú àpótí kan tí wọ́n sọ ní eGranary, ìyẹn ni àká, fún àwọn yunifásítì Áfíríkà tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn kò dúró, àwọn kan ní Nàìjíríà sì wà lára wọn. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kò tijú láti ka ìwé inú àká. Kọ̀ǹpútà àlòkù kan ní yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kéú lè di àká fún abúlé mẹ́rin.

Níhìn-ín ni ó yẹ kí a ti bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ díẹ̀. Baba tí ó ń fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní owó ọ̀kadà kí ó lọ wá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ní títì, tí ó sì ń sọ fún ọmọbìnrin pé kí ó jókòó sílé nítorí alẹ́ ti lẹ́, kò ṣe ìdájọ́ òdodo àfi bí ó bá wá ọ̀nà mìíràn fún ọmọbìnrin náà. Kí ó bá a lọ, tàbí kí ó ràn án lọ́wọ́ láti ní àká nínú ilé. Iye tí ọ̀kadà ń gbà ní ìrìn mélòó kan ti tó ra mẹ́mórì káàdì.

Àwọn abúlé kan ní ayé kò dúró de ilé iṣẹ́ ńlá. Ní Lancashire, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn àgbẹ̀ rí i pé kò sí ẹni tí yóò gbé íntánẹ́ẹ̀tì tí ó yára wá sí oko wọn. Ní 2011 wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ń jẹ́ B4RN, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ kòtò la ilẹ̀ oko wọn kọjá, wọ́n sì ri okùn fáíbà mọ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Bí ẹ bá ní òyìnbó ni wọ́n, ẹ wo Kafanchan ní ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ dáadáa tí Fantsuam Foundation ti gbé àwo sátẹ́láìtì kalẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n sì fi ìgbì pín in fún àwọn ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti ilé iṣẹ́ tí ó wà ní àyíká wọn. Sátẹ́láìtì ìgbà náà wà ní ìwọ̀n kìlómítà 36,000 lókè, ọ̀rọ̀ sì ń pẹ́ kí ó tó lọ kí ó tó bọ̀. Àwọn ti Starlink, tí ó wọ Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2023, wà ní ìwọ̀n kìlómítà 550, ìdí nìyẹn tí tiwọn fi ń yára. Owó rẹ̀ pọ̀ fún ilé kan ṣoṣo ní abúlé. Bí àdúgbò kan bá ń dá èsúsú láti ra àga fún ìnáwó, wọ́n lè jókòó bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á bóyá èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ lò wà, àti iye tí yóò kan kálukú.

Èyí kò ní kí a gbàgbé ohun tí ìjọba àti àwọn ilé iṣẹ́ jẹ wá. Ètò tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ fún ọdún 2020 sí 2025 sọ pé ìyára ní abúlé kò gbọ́dọ̀ dín ní mẹ́gábíìtì 10, ní ìlú ńlá kò gbọ́dọ̀ dín ní 25, kí gígábáìtì kan má sì ju 390 náírà lọ. Ní 2020 kan náà ni àwọn gómìnà fohùn ṣọ̀kan pé 145 náírà ni ìpínlẹ̀ yóò máa gbà lórí mítà kan tí wọ́n bá gbẹ́ láti ri okùn. Nígbà tí ọdún 2024 fi parí, ìwọ̀n àwọn tí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó yára dé ọ̀dọ̀ wọn kò tíì tó ìdajì, bẹ́ẹ̀ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni ètò náà ní lọ́kàn fún 2025. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC fún àwọn ilé iṣẹ́ láyè láti fi owó tí ó tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé iye tí wọ́n ń gbà. Ẹni tí ó bá ti san owó ọjà tán ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ọjà.

Ṣùgbọ́n ìráhùn lábẹ́ igi kò dé ọ̀dọ̀ àjọ kankan. Ẹ mú ìwé kan, ẹ fa ìlà sí i. Ẹ kọ ọjọ́, agogo, orúkọ abúlé, orúkọ ilé iṣẹ́ àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ilé iṣẹ́ tí ó ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn yín lọ́wọ́ wọn. Bí wọn kò bá ṣe nǹkan kan, ẹ pe àjọ NCC ní 622, kí ẹ ka nọ́ńbà ẹ̀sùn náà àti ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ sí wọn létí. Kí ogún ilé ní abúlé kan náà pè é, kì í ṣe ilé kan. Ìpè 622 kò gba owó, kò sì gba dátà. Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yín bá ti lè gbé ohùn, yóò gbé ẹ̀sùn náà dé Àbújá.